Ìròyìn Súkúù Àǹtí Ràbí

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ilé kan ṣoṣo ló ní asọ̀rọ̀mágbèsì ní àdúgbò wa lẹ́yìn Bẹẹrẹ, ilé ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Tí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á gbé àpótí ìjókòó lọ sábẹ́ fèrèsé rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó ń lọ láyé. Àwọn ará agbolé tiwa kì í sábà lọ. Kì í ṣe pé a ò fẹ́ràn ìròyìn o, a ní tiwa nílé ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràbíátù, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Ràbí, wà ní fọ́ọ̀mù kẹta nílé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin tó wà lórí òkè, òun sì ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nínú agbolé wa tó wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó jáde, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn, òyìnbó obìnrin kan tó ga, tí ara rẹ̀ gbẹ, máa ń kó gbogbo ọmọ jọ. Á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, á sì sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi rán àwọn òbí wọn létí nílé. Bàbá wa ló pàṣẹ pé bí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́, kí ọmọ jẹ́ ẹ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí a bá ti kírun Alásàrí tán lọ́jọ́ Jímọ̀, Àǹtí Ràbí á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́rùn, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á sì máa rò ó fún wa. Asọ̀rọ̀mágbèsì ilé onírélùwéè, wọn ò lè bi í ní nǹkan kan. Tiwa, wọ́n á bi í títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Fìlà ni Bàbá wa ń rán. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni máṣíìnì wọn wà, ìró rẹ̀ ni mo sì fi ń mọ̀ bí inú wọn ṣe rí. Tí inú wọn bá dùn, á máa lọ gbuurugbu láìdúró. Tí nǹkan bá ń jẹ wọ́n lọ́kàn, á lọ díẹ̀, á dúró, á tún lọ díẹ̀. Màmá wa ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ní Ọjà'ba, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó jọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ni wọ́n ti ń lò tán fún àwọn oníbàárà kí wọ́n tó dé ilé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá wa, ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa. Orí ẹní ni wọ́n máa ń jókòó sí, ẹsẹ̀ ní nínà, àtẹ ẹ̀gúsí lórí itan, wọ́n á máa bó o, wọ́n á sì máa bá ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè. Èmi Sífáwù, kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀ ojúde láàárọ̀, kí n pọn omi ẹ̀rọ, kí n sì fi eérú àti kànìnkànìn fọ ìdí ìkòkò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀ọ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ tútù la máa ń jẹ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ewé ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ohùn Àǹtí Ràbí ni mo máa ń gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀, pé, "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́."

Àwọn ìròyìn náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a kì í yẹ̀ wò tinú-tẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ kan, ìjì ti wó igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ìdáná wọn, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ìyá Àgbà béèrè bóyá ẹnì kan ti lọ kí òyìnbó náà kú ewu. Àǹtí Ràbí ní òun ò mọ̀. Ìyá Àgbà ní kò dáa bẹ́ẹ̀, igi wó nílé èèyàn, ó sì jẹ́ àjèjì, kò ní ará nítòsí, gbogbo àwọn òbí wá ń wò ó. Wọ́n ní kí Àǹtí Ràbí bá àwọn kí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì kí i ní tòótọ́, ó wá padà wá jẹ́ iṣẹ́ pé òyìnbó ní kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà ti ka ara wọn mọ́ ọ̀rẹ́ òyìnbó. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ìkìlọ̀ wá pé kí àwọn ọmọ gé irun wọn mọ́lẹ̀, kí èékánná má gùn, kí wọ́n má fi yẹtí wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá Àgbà ní tí wọ́n bá gé irun, tí wọ́n yọ yẹtí, báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ní kí àwọn òbí yéé wá sídìí ọgbà láti máa na oúnjẹ sí ọmọ láti ẹ̀yìn igi. Nígbà tí Àǹtí Ràbí sọ èyí, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ojú sókè, wọ́n ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, gbogbo wa sì mọ ẹni tó ń gbé àkàrà lọ sí orí òkè lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè.

Èyí tó le jù nínú wọn ni ti eré ìje. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bàtà káńfáàsì funfun àti ṣòkòtò péńpé wá fún eré ìdárayá. Máṣíìnì Bàbá dúró. Bàbá wa kì í ṣe ẹni tó ń pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń lọ kírun ní Mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, wọ́n sì mọ ohun tí àwọn èèyàn á sọ bí ọmọ wọn bá fi itan sílẹ̀ sáré. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní kò burú, àwọn fúnra àwọn á rán an. Ṣòkòtò tí wọ́n rán náà kọjá orúnkún, ó fẹ̀ bí àpò ìrẹsì, wọ́n sì fi okùn sí i nídìí. Àǹtí Ràbí wọ̀ ọ́ sáré. Ó sọ fún wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e pé atẹ́gùn kó sínú rẹ̀, ó gbé òun sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí òun kẹ́yìn pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá wa náà rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún.

Mo ti dàgbà ju Ìyá Àgbà ti ìgbà yẹn lọ báyìí. Tí mo bá ń rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo máa ń rí i pé kì í ṣe ìròyìn nìkan ni Àǹtí Ràbí ń mú wá sílé. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún un lórí òkè. Kó tó dé ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ, ó ti gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò wọ etí àgbà, tí kò ní jọ àfojúdi, tí kò sì ní parọ́ mọ́ ẹni tó rán an. Ó ń kọ́ iṣẹ́ kan lọ́wọ́ lójú wa, kò sí ẹni tó mọ̀. Òun gan-an lè má mọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Alájì Búsàrí, ilé rẹ̀ wà ní Ìdí Arẹrẹ, aṣọ àrán àti dàmáàsìkì ló ń tà. Ẹni tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ fún un pé kó má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, pé Bàbá wa nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń rán fìlà tó máa bá a mu. Èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ tí a ń jẹ, ọ̀dọ̀ Alájì ló ti ń wá. Èèyàn dáadáa ni. Tó bá wá sílé wa, á mú àádùn lọ́wọ́ fún àwa ọmọdé, á sì jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà bí ọmọ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ọdún náà, ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ Sánńdè kan, kò mú àádùn wá, ó wọ agbádá. Ó ní òun wá tọrọ Ràbíátù fún ọmọ òun, Kámórù, tó ń bá òun ta aṣọ. Ó ní ọmọ òun kì í mutí, kì í jà, ìwé tí Ràbíátù sì ti kà ti tó fún obìnrin láti máa bá ọkọ rẹ̀ ṣọ́ ìsọ̀. Inú Ìyá Àgbà dùn, wọ́n ń ṣàdúrà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Bàbá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Alájì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kí ó fún àwọn láyè díẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé bí bàbá ọmọ bá sọ báyẹn fún ọ̀rẹ́ tó ń bọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà. Màmá wa bu omi fún Alájì, wọ́n sì kọjá sí ẹ̀yìnkùlé.

Àǹtí Ràbí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a jọ lọ pọn omi. Ó ń fi ọwọ́ pa etí garawa rẹ̀ bí ẹni pé ó ń wá ibi tó ti ń jò. Mo bi í bóyá ó fẹ́ fẹ́ Kámórù. Ó ní Kámórù kò ṣe òun ní nǹkan kan, kò burú lójú òun, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí nínú ara ni, wọn ò tíì dé ibi tó ti ń padà sínú ọkàn. Mo ní kó sọ fún Bàbá. Ó wò mí bí ìgbà tí mo sọ ìsọkúsọ. Ọmọ wo ló máa jókòó ti bàbá rẹ̀, kó ní òun ò fẹ́ ibi tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ wọlé? Ó gbé omi rẹ̀ rù, ó lọ níwájú, mo rí i pé omi ń dà sí i léjìká, kò sì nù ún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ìròyìn kúrú. Ó ní wọ́n ti gbẹ́ kànga tuntun, ó ní ọyẹ́ ti dé, kí àwọn òbí fi òróró pa ẹsẹ̀ ọmọ kó má baà là. Ó wá ní Sátidé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ àwọn òbí, pé kí gbogbo ẹni tó ń tọ́ ọmọ wá fúnra wọn, kí wọ́n tètè dé, kí wọ́n má gbé oúnjẹ wá, kí wọ́n má sì mú ọmọdé dání. Ìyá Àgbà ní àwọn ń lọ, nítorí pé àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí ibi tí igi máńgòrò wó sí. Màmá wa ní àwọn máa ti ìsọ̀. Ó ya gbogbo wa lẹ́nu, torí pé Màmá wa kì í ti ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé àfi tí òkú bá kú. Bàbá wa náà ní àwọn á lọ. Wọ́n sọ ọ́ láìgbé ojú kúrò lórí abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ tí Alájì ti wá ni máṣíìnì wọn ti ń lọ díẹ̀, tó ń dúró.

Ìyá Àgbà ló mú mi dání. Wọ́n ní wọ́n sọ pé kí èèyàn má mú ọmọdé wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò mú mi wá, ọ̀pá tí àwọn fi ń tilẹ̀ ni mí. A gba àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà lọ, ọyẹ́ bo gbogbo páànù ilé mọ́lẹ̀, gbọ̀ngàn ìlú ní Mápó dúró lókè nínú rẹ̀ bí nǹkan tí wọ́n yà sójú ọ̀run. Nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́, Ìyá Àgbà kọ́kọ́ lọ wo kùkùté máńgòrò, wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í wò, wọ́n ní àwọn ti rí i. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ náà kún. Àwọn bàbá tó wọ kóòtù tí wọ́n so táì jókòó síwájú, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí pé tíṣà àti ará Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tiwa pẹ̀lú agbádá àti ìborùn jókòó sẹ́yìn, wọ́n sì rọra ń wúkọ́. Òyìnbó dìde, ó kí wa, ó ní tíṣà tó máa ń túmọ̀ fún òun kò ní ohùn mọ́, ọyẹ́ ti gbà á. Ó wo àárín àwọn ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì pe Ràbíátù.

Bó ṣe máa ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa náà ló ṣe dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Òyìnbó á sọ tirẹ̀, Àǹtí Ràbí á sọ tiwa. Ó ti mọ ohun tí àgbà máa ń béèrè, kì í dúró kí wọ́n béèrè é. Nígbà tí òyìnbó ní kí irun wà ní gígé, Àǹtí Ràbí túmọ̀ rẹ̀, ó wá fi kún un pé, "Ẹ má bínú, obìnrin náà la ṣì jẹ́." Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ti oúnjẹ ìdí ọgbà, ó ní òyìnbó mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń gbé àkàrà wá, ṣùgbọ́n àwọn ajá àdúgbò ti mọ ọjọ́ Túsìdeè. Ìyá Àgbà fi ìborùn bo ẹnu. Òyìnbó ń wò wá, kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ikọ́ yẹn dáwọ́ dúró. Àwọn ará ẹ̀yìn wá jókòó dáadáa, bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀.

Òyìnbó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Àǹtí Ràbí gbọ́ ọ tán. Àwọn tó wà níwájú, tí wọ́n ti gbọ́ èdè náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Nígbà tó máa yanu, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ pé nǹkan kan ń dun òun. Tí ọdún bá bẹ̀rẹ̀, ìjókòó á kún, tó bá yá, òun á wo kíláàsì, òun á rí i pé ẹni tó máa ń jókòó síbì kan kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n á ní ó ti lọ sílé ọkọ. Ó ní òun ò sọ pé kí ọmọ má lọ́kọ. Kí wọ́n jẹ́ kó parí ni.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé òyìnbó ní òun bẹ̀ wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè bẹ èèyàn ní ìdúró. Àǹtí Ràbí kò lè wà lórí ìdúró, kó sọ fún gbogbo àgbà tó kún ibẹ̀ yẹn pé òun bẹ̀ wọ́n. Ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà lórí símẹ́ńtì, ó ní, "Wọ́n ní àwọn bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí." Òyìnbó yí padà, ó wò ó nílẹ̀, ẹnu yà á, torí pé kò sọ pé kí ó kúnlẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn bóyá ẹ̀bẹ̀ òyìnbó ni a ń gbọ́ àbí ẹ̀bẹ̀ ẹni tó ń túmọ̀. Mo wo Màmá wa. Wọ́n di etí ìró wọn mú, wọn ò ṣẹ́jú.

Bàbá wa dìde ní ẹ̀yìn. Mi ò rí i rí kí wọ́n dìde sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn púpọ̀ báyẹn. Wọ́n kí àwọn tó wà níjókòó, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn bi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ léèrè pé ọmọ tó ń túmọ̀ yìí, kí ló kù tó máa kọ́. Àǹtí Ràbí dìde, ó bá wọn bi í. Òyìnbó kò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni. Ó dáhùn, ó sọ̀rọ̀ títí, ó na ọwọ́ sí Àǹtí Ràbí, ó na ọwọ́ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí. Nígbà tó ṣe tán, Àǹtí Ràbí kàn ní, "Wọ́n ní ó ku ọdún díẹ̀."

Ọkùnrin kan tó so táì, tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé tíṣà ará Yemẹ́tù ni, dìde níwájú. Ó tọrọ àforíjì, ó ní ọmọ yìí túmọ̀ gbogbo nǹkan dáadáa láti àárọ̀, èyí nìkan ló gé kúrú, òun sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ọmọ tí wọ́n tọ́ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Ó wá kọjú sí ẹ̀yìn, sí Bàbá wa. Ó ní, "Alàgbà, ohun tí ìyá yìí sọ ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn máa padà sílẹ̀ àwọn. Wọ́n ní ẹni tí àwọn bá fẹ́ fi ibi tí àwọn dúró sí yìí sílẹ̀ fún, irú ọmọ yìí ni, tí ẹ bá jẹ́ kí àwọn kọ́ ọ débẹ̀." Bàbá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jókòó. Àǹtí Ràbí ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà. Ìyá Àgbà ń sọ nípa kùkùté máńgòrò títí a fi dé ilé, pé tí wọ́n bá bu omi sí i, yóò tún rúwé. Lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kejì ni Bàbá wa ní kí Ìyá Àgbà àti Màmá wa jókòó. Wọ́n ní kí Àǹtí Ràbí náà jókòó. Èmi ń fọ àwo lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń fọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní òyìnbó ni ọ̀rẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n Alájì ni ẹni wa, àti pé àwọn ti dàgbà, àwọn fẹ́ gbé ọmọ Ràbíátù sẹ́yìn kí àwọn tó lọ. Màmá wa ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Mo ń bẹ̀bẹ̀ lónìí." Ìyá Àgbà ní ṣé torí pé òyìnbó bẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wa ṣe fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ báyìí. Bàbá wa ní, "Ìyá, òyìnbó ò kúnlẹ̀. Ọmọ mi ló kúnlẹ̀. Mo lójú."

Ìyá Àgbà bó ẹ̀gúsí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá wá kú ńkọ́, kí ó tó kà á tán? Bàbá wa ní wọn ò ní í kú. Ìyá Àgbà ní ó dáa, kí wọ́n bá àwọn sọ fún òyìnbó kó kọ́ ọ kíákíá, kó má fi àkókò ṣòfò lórí ijó àti orin. Àǹtí Ràbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin níwájú wọn, ó gbàgbé pé obìnrin ni òun. Ìyá Àgbà ní èyí ni wọ́n ń rí bí wọ́n bá gé irun obìnrin.

Bàbá wa fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sí Ìdí Arẹrẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé àwọn bẹ Alájì kó jẹ́ kí Ràbíátù parí, tí Kámórù bá sì lè dúró, kó dúró, tí kò bá lè dúró, kí Ọlọ́run fún un ní èyí tó dára jù ú lọ. Alájì kò bú wọn. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì fún wọn lómi mu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, àwọn oníbàárà tó máa ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ò wá mọ́. Iléyá ọdún náà, a ò pa àgbò. Ẹran tí àwọn ará ilé kejì gbé wá la sè, Ìyá Àgbà sì ní ẹran àgbò onílé kejì dùn, ó jọ pé ó jẹ koríko dáadáa. Òwú àti abẹ́rẹ́ Màmá wa ló ń bọ́ wa fún ìgbà pípẹ́. Màmá wa a máa tètè lọ, wọ́n a máa pẹ́ dé, èmi ni mo sì ń se ọbẹ̀. Bàbá wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán fìlà kéékèèké fún àwọn ọmọ kéwú, wọ́n ń gbé e káàkiri Ọjà'ba fúnra wọn. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ráhùn. Èmi ni mo ráhùn nínú mi, torí àádùn. Kámórù gbé ìyàwó kí ọdún tó yí po. Alájì àti Bàbá wa ń kí ara wọn ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń béèrè ilé, ṣùgbọ́n kò tún jókòó sórí ẹní Ìyá Àgbà mọ́. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn bóyá ó yẹ kí n bínú sí i. Èèyàn dáadáa ni, ohun tó wá tọrọ kò burú, a ò sì lè fún un.

Àǹtí Ràbí parí. Lọ́jọ́ tó máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà ní ìlú òkèèrè, wọ́n ní kí ó wá wọ bọ̀lẹ̀kájà ní Mọ́lété láàárọ̀. Àpótí onípáànù tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí wúwo. Mo lọ ṣẹ́ òṣùká, mo fẹ́ gbé e. Bàbá wa gba òṣùká náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé àpótí lé orí ara wọn, wọ́n sì jáde sí títì. Àǹtí Ràbí ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n ń rìn lọ. Ọ̀gá aránfìlà Bẹẹrẹ, tí àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ kí, ń gbé ẹrù ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú gbogbo ayé. Àwọn èèyàn ń bi wọ́n pé kí ló dé, ṣé kò sí ọmọ nílé ni. Wọ́n ń dáhùn pé ọmọ wà, ọmọ náà ni àwọn ń sìn lọ. Nígbà tí a dé Ìdí Arẹrẹ, Alájì jókòó síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ó rí wa láti òkèèrè, ó sì dìde. Ó ní, "Ẹ kú ẹrù." Bàbá wa ní, "Ràbí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tíṣà." Alájì wo Àǹtí Ràbí tó kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ, kó ṣọ́ ọ bọ̀. A kọjá.

Ọkọ̀ gbéra ní Mọ́lété. Màmá wa, tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, kọ ojú sí ògiri kan díẹ̀, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní àwọn máa yára ṣíwájú lọ sí ìsọ̀. Èmi àti Bàbá wa nìkan ló jọ ń padà. Wọ́n ń fi ọwọ́ ra ọrùn wọn tí àpótí ti mú dùn wọ́n. A rìn díẹ̀, wọ́n sì bi mí pé, "Sífáwù, ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ kọ́?" Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Wọn ò kán mi lójú. A kọjá Ọjà'ba, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Mápó, èémí ti ń mú àwa méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti ní mo fẹ́ máa gbẹ̀bí fún àwọn aboyún ní ilé ìwòsàn Yemẹ́tù. Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, torí pé mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Bàbá wa dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé etí sún mọ́ mi, wọ́n ní kí n tún un sọ sókè, àwọn ò gbọ́ ọ dáadáa.